Ẹ Sọ Iye Owó Kọ́kéèjì Kí Ẹ Tó Ṣí Ìgò: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ni Ilé Oúnjẹ àti Gbọ̀ngàn Ayẹyẹ ní Ìbàdàn

Sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ni ilé oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ nílùú Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Ring Road, láti Jẹ́ríkò dé Akóbọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi lọ́kùnrin lóbìnrin,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àforítì ọjà ìsinsìnyí. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bú ẹnikẹ́ni. Oníbàárà yín ni mí. Kò sí oṣù tí n kì í ná díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ yín, mo sì fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ owó kọ́kéèjì ni mo bá wá, owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé wáìnì tàbí ohun mímu tirẹ̀ wọ ilé yín. Ẹ máa gbà á, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ iye tó jẹ́ kí a tó kúrò nílé, kí ọwọ́ yín sì tó kan ìgò.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú wa rí. Bàbá mi pé àádọ́rin ọdún ní 2024. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fẹ́ràn ariwo rárá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kánópì, àwọn ò fẹ́ aṣọ ẹbí, ká kàn jọ lọ jẹun níbì kan tó dákẹ́ rọ́rọ́. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Cape Town ti fi ìgò wáìnì pupa kan rán ẹnì kan sí wọn ní 2021, wáìnì Stellenbosch, níbi tí oko àjàrà pọ̀ sí ní South Africa. Bàbá ò mu ún. Wọ́n fi àlòkù àǹkárá màmá mi wé e, wọ́n tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ooru ò ti pọ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá pé àádọ́rin làwọn máa ṣí i. Ọdún mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n á ní, "Ẹ rọra o, ìgò ọmọ mi wà níbẹ̀."

Màmá mi kì í fẹnu kan ọtí ní tiwọn. Mo bá ra oje àjàrà tí kò ní ọtí nínú, èyí tí wọ́n máa ń rọ sínú ìgò bíi ti wáìnì, ìgò méjì, 6,500 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo pe ilé oúnjẹ náà kí wọ́n lè fi tábìlì ẹni méje sílẹ̀ fún wa. Mo sọ fún ẹni tó gbé fóònù pé bàbá wa máa gbé wáìnì tiwọn dání. Ó ní, "Kò sí wàhálà, mà." Gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn.

Nígbà tí a jókòó tán, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa gba ìgò náà. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó wo ẹnu ìgò, ó wo ojú mi, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Ọ̀bẹ ló mú bọ̀. Wọn ò ní irin tí wọ́n fi ń fa kọ́ọ̀kì. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ gbẹ́ kọ́ọ̀kì náà títí tó fi ń rún, nígbà tí kò jáde, ó yí ọ̀bẹ padà, ó fi èèkù rẹ̀ tì í wọ inú ìgò. Wáìnì ta sí i láṣọ, ó ta sára aṣọ tábìlì funfun. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n. Bàbá mi ní, "Má bẹ̀rù, ọmọ mi, kò sí ohun tó ṣe." Èmi ni mo béèrè asẹ́ tíì, a sẹ́ wáìnì náà sínú jọ́ọ̀gì kí èérún kọ́ọ̀kì má bàa bá a wọ ife. Ife omi ni wọ́n kó wá fún wa. Títí dé ibẹ̀ yẹn, inú mi ò tíì bàjẹ́. Bàbá gbé ife sókè, wọ́n wò ó nínú iná, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ẹ bá mi pe ọmọ yẹn." A pe àbúrò mi lórí WhatsApp, ó rí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, òun náà lọ bu omi sínú ife lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì jọ mu. Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn la ṣe jáde nílé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí bíìlì dé, oúnjẹ jẹ́ 118,000 náírà. A ti retí ìyẹn. Ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ la ò retí: kọ́kéèjì, ìgò mẹ́ta, 12,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, 36,000 náírà. Mo rò pé wọ́n ṣì í kọ ni. Mánéjà wá, ó ní owó ilé ni, gbogbo ìgò tó bá wọlé làwọn máa ń kà. Mo fi ìgò oje kejì hàn án, ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí mo fi gbé e wá, ìdérí rẹ̀ ò tíì já. Ó ní ìwọlé làwọn ń wò, kì í ṣe ṣíṣí. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Ó gbé mẹ́nù wá, a jọ ṣí i láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, kò sí níbẹ̀. Ká tó máa fà á síwá fà á sẹ́yìn, bàbá mi ti dìde. "Ẹ san án, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n gbé ìyókù wáìnì náà lé itan nínú ọkọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Òkè-Àdó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọlé ni wọ́n tó sọ pé, "Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má gbé e kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí ju 36,000 lọ, òun náà ló sì ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín. Iná Band A tó wà ní 68 náírà fún ẹyọ kan fò dé 225 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 460 náírà kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé ti kọjá 1,500 kí ọdún tó yí po, gbogbo wáìnì tó ń ti òkè òkun bọ̀ sì bá a gun òkè. Ife ń fọ́. Ẹni tó ń fọ ife ń gba owó oṣù. Fíríìjì ń jẹ iná, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ dísẹ̀lì. Àga tí mo jókòó lé fún wákàtí mẹ́ta, ẹlòmíràn ì bá ti jókòó síbẹ̀, kó sì ra ìgò méjì lọ́wọ́ yín. Èrè orí ohun mímu ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń gbé oúnjẹ tí kò mú èrè púpọ̀ wá ró, mo mọ ìyẹn náà. Mo sì ti fojú ara mi rí àwọn oníbàárà tó ń gbé kúlà bíà ńlá wọlé, tí wọ́n á ra àwo àsun kan ṣoṣo fún ẹni mẹ́fà, tí wọ́n á jókòó di aago mọ́kànlá òru. Àwa oníbàárà náà ní ẹ̀bi tiwa. Kò dáa kéèyàn gbé irú ìgò tí ẹ ń tà wọlé torí pé ó rọ̀ díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òde. Kò dáa kéèyàn yọ sí yín láìpè ṣáájú. Ẹni tó bá gbé wáìnì wá sì gbọ́dọ̀ ra oúnjẹ tó jọjú, kó sì fún ọmọ tó ṣí i ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n owó tí ẹnikẹ́ni ò sọ títí tí mo fi mu ohun tí mo fẹ́ mu tán, ọ̀fìn ni wọ́n gbẹ́ dè mí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà sọ ọ́ ní abala 115 pé ẹni tó ń tajà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ fún ará ìlú gbọ́dọ̀ fi iye owó rẹ̀ hàn, kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Mi ò fi òfin dẹ́rù bà yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kì í ṣe ojú àánú.

Ẹ tún jẹ́ ká wo iye owó náà fúnra rẹ̀. Ìgò wáìnì kan, mìlílítà 750 ló ń gbà, ife márùn-ún ni téèyàn bá bù ú dáadáa. Ìyẹn ni pé a san 2,400 náírà lórí ife kọ̀ọ̀kan nínú wáìnì tí kì í ṣe tiyín, tí àwa fúnra wa fi asẹ́ tíì sẹ́. Lórí oje màmá mi, owó ṣíṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó tí mo fi ra ìgò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí kọ́ọ̀kì lẹ́nu rẹ̀. Irin tí wọ́n fi ọwọ́ lásán yí ni. Kọ́ọ̀kì lẹ sì fi sọ owó yìí lórúkọ, èèpo igi tí wọ́n ń bó ní Portugal ní ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án láì gé igi náà lulẹ̀. Fífà á yọ gba irin, ó gba ìmọ̀, ó gba sùúrù. Ìdí nìyẹn tó fi di iṣẹ́ téèyàn ń gbowó lé lórí. Ìgò tí mo yí ìdérí rẹ̀ fúnra mi, iṣẹ́ wo lẹ bá mi ṣe lórí rẹ̀?

Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń ta wáìnì, màá wo ìgò tó rọ̀ jù lọ nínú èyí tí mò ń tà. Ká ní mo rà á ní 12,000, tí mò ń tà á ní 20,000, èrè tí oníbàárà tó gbé tirẹ̀ wá fi dù mí kò ju 8,000 lọ. Mi ò ní gbà ju ìyẹn lọ. Ilé tí kò ta wáìnì rárá, tó jẹ́ bíà àti mínírà ló wà níbẹ̀, kí ló pàdánù ju fífọ ife lọ? Níbi tí a lọ yẹn, oríṣi wáìnì méjì péré ló wà nínú mẹ́nù wọn. Ọkọ mi tiẹ̀ béèrè ọ̀kan nínú rẹ̀ ká tó ṣí ti bàbá, wọ́n ní ó ti tán.

Ti ẹ̀yin tí ẹ ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé kan ní gbọ̀ngàn kan lápá Ring Road. Oṣù mẹ́rin ṣáájú la ti san owó gbọ̀ngàn, a san owó iná, a san owó tí wọ́n ń dì mú bóyá nǹkan á bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ kọ́kéèjì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọkọ̀ ohun mímu dé, àwọn tó wà ní géètì ní kò ní wọlé títí a ó fi san 1,500 náírà lórí kéréètì kọ̀ọ̀kan, tomi-tomi. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ìyàwó, tó yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń wé gèlè fún un, ló dúró sí ẹnu géètì nínú oòrùn pẹ̀lú gèlè ní apá kan, fóònù ní ọwọ́ kejì, tó ń ṣe tánsífà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kó lọ. Omi dídì tí wọ́n fi àpò bò lẹ́yìn ọkọ̀ ń yọ́, ó ń kán sójú títì. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí géètì, aago mẹ́wàá ti kọjá. Mọ́ọ̀tì gbígbóná la fún àwọn àna wa mu lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ mọ ìdí tí ẹ fi ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ di àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, ṣùgbọ́n lójú àwa tí a wà níta, ó dà bí ẹni pé ẹ mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí a lè sá lọ mọ́ ni.

Nígbà tí bàbá mi ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ wọn máa ń lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu kan ní Mọ́níyà ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n máa ń mú mi dání nígbà mìíràn. Olúkúlùkù ló ń gbé ẹran tirẹ̀ lọ, ẹlòmíràn á gbé ẹja sísun, ẹlòmíràn á ra súyà lọ́nà. Ẹlẹ́mu á fún wọn ní àwo, á fún wọn ní omi tí wọ́n á fi ṣanwọ́, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹran. Ọlọ́jà gidi ni bàbá ẹlẹ́mu yẹn. Ó mọ̀ pé ẹran tí oníbàárà gbé wá ló máa mú un béèrè agbè kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáìnì rí lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó gbé ìgò tó ti tọ́jú fún ọdún mẹ́ta wá kò wá jẹ ìpékeré. Ó wá jókòó pẹ́, ó wá jẹ ẹja odindi, ó kó ẹbí rẹ̀ dání. Ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwé àṣẹ ọtí ti ṣọ̀wọ́n tó sì wọ́n torí pé ìpínlẹ̀ Pennsylvania ti fi òdiwọ̀n sí i, àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké fi àìní ìwé àṣẹ yẹn fa oníbàárà: wọ́n ní kí kálukú gbé wáìnì tirẹ̀ bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì gba nǹkan kan láti ṣí i. Èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ torí rẹ̀ ni. Àbúrò mi ní wọ́n ń gba kọ́kéèjì ní Cape Town ní tiwọn, ṣùgbọ́n inú ìwé tí wọ́n to wáìnì tí wọ́n ń tà sí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, èèyàn á ti rí i kó tó pàṣẹ oúnjẹ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú mẹ́nù, ẹ kọ ọ́ sójú WhatsApp tí ẹ fi ń polówó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iná gan-an. Ẹ kọ́ ẹni tó ń gbé fóònù pé tí oníbàárà bá ti dárúkọ wáìnì, kó dárúkọ owó. Ìgò tí ẹ bá ṣí ni kí ẹ kà, ẹ má ka èyí tó wà nínú ọ̀rá. Ẹ má gba kọ́kéèjì lórí omi, oje àwọn ọmọdé àti ohun tí kò ní ọtí. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ohun mímu wọlé rárá, ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, a ó gbé tiwa sílé.

Tí ẹ bá sì máa gbowó iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ ra irin ìfakọ́ọ̀kì. Kò wọ́n, ẹyọ kan á lò fún yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín bí wọ́n ṣe ń lò ó: kí wọ́n gé bébà tó wà lẹ́nu ìgò, kí wọ́n yí irin wọ àárín kọ́ọ̀kì gbọọrọ, kí wọ́n rọra fà á. Ìdajì wákàtí tó láti kọ́ ọ. Ẹ ní ife wáìnì, kódà kó jẹ́ mẹ́wàá péré. Ọmọbìnrin tó fi ọ̀bẹ ṣí ìgò bàbá mi kò jẹ̀bi nǹkan kan, wọ́n rán an níṣẹ́ láìfún un ní irinṣẹ́ ni. Nígbà tí a ń jáde, mo rí i lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó ń fi ọṣẹ fọ ẹ̀jẹ̀ wáìnì lára bùláòsì funfun rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ nínú 36,000 yẹn tó máa kan án.

Màmá mi máa pé ọdún 68 ní oṣù Kejìlá. Àbúrò mi ti fi ìgò mìíràn ránṣẹ́, oje tí kò ní ọtí nínú lọ́tẹ̀ yìí, bàbá mi sì ti wé e sínú àǹkárá kan náà. Mo ti pe ilé oúnjẹ márùn-ún lórí rẹ̀. Mẹ́rin ní kò sí wàhálà, kí n máa gbé e bọ̀. Mo béèrè iye, wọ́n ní tí a bá dé, a ó jọ sọ ọ́. Ìkarùn-ún wà lápá Jẹ́ríkò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé fóònù. Ó ní, "5,000 ni fún ìgò tí a bá ṣí, mà. Tí kò bá ní ọtí nínú, a kì í gba nǹkan kan. Ṣé kí a bá yín fi í sí fíríìjì kí màmá tó dé?"

Mo ti san owó àsansílẹ̀ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín kan ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn.